Àjàyí Ọmọ Òṣogùn

Àwọn àgbà a máa wí pé bí egbò tilẹ̀ jinná, àpá rẹ̀ kò ní ṣàì hàn. Egbò ara ni ojú ń rí. Ti ọkàn a máa farapamọ́, ẹni tí ó ní in nìkan ni ó mọ bí ó ti ń ta á tó. Gbogbo wa ni ó mọ Samuel Àjàyí Crowther sí bíṣọ́ọ̀bù ọlọ́lá àti olùtumọ̀ Bíbélì. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń ronú nípa egbò tí ó gbé sọ́kàn láti ìgbà èwe, àti ọ̀nà tí ó gbà tí egbò náà fi jinná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, ogun dé bá ìlú Òṣogùn nígbà tí àwọn obìnrin ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Ọmọdékùnrin ni Àjàyí nígbà náà. Baba rẹ̀ sáré wá sílé, ó ní kí ìyàwó àti àwọn ọmọ òun tètè sá, ó sì padà sójú ìjà. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ fi ojú kàn án kẹ́yìn nìyẹn; ogun mìíràn ni ó pa á lẹ́yìn náà. Inú igbó ni ọwọ́ àwọn ọ̀tá ti tẹ ìyá àti àwọn ọmọ. Wọ́n sọ okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì kó wọn lọ.

Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n pín ìdílé náà gẹ́gẹ́ bí ìkógun. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà tí wọ́n sì gba ẹṣin wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn. Bí ó ti ń jìnnà sí ìyá rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrètí rẹ̀ ń dínkù tó. Ní òru, ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Nígbà tí wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Èkó, omi náà bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fi oúnjẹ kan ẹnu. Ní Èkó, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kan náà so àgbà pọ̀ mọ́ ọmọdé. Bí àwọn ọkùnrin bá ti ń fa ẹ̀wọ̀n náà nínú ìrora wọn, ọrùn àwọn ọmọ ni ó ń bó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, àwọn Potogí kó Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrú, gbogbo wọn jẹ́ 187. Kí ọkọ̀ náà tó jìnnà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gbà wọ́n là. Síbẹ̀ àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé ìdáǹdè ni ó dé. Wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so kọ́, wọ́n ṣe bí ẹran ara àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni. Wọ́n rí ọta ìbọn ńlá tí a tò jọ, wọ́n pè é ní orí ènìyàn. Ẹ kíyè sí èyí, nítorí ó kọ́ wa pé ẹni tí ìyà ti jẹ jù a máa rí ikú níbi tí ìyè gbé wà.

Sàró ni wọ́n gbé wọn lọ. Níbẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. ti gbà á tọ́, tí wọ́n sì fi í sí ilé-ẹ̀kọ́. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Ó ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ó fẹ́ Susan, obìnrin tí a gbà kúrò nínú ìkólẹ́rú bí tirẹ̀. Ní ọdún 1837, ó kọ ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ rí sínú lẹ́tà gígùn kan. Kò fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́, kò sì fi àìnírètí rẹ̀ pamọ́. Ó jẹ́wọ́ pé ọjọ́ búburú ni ọjọ́ tí ogun kó òun. Ṣùgbọ́n ó tún gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ti yí ibi ọjọ́ náà padà sí ọ̀nà ìbùkún. Ẹni tí ó lè sọ ìtàn ìyà rẹ̀ láìparọ́ àti láìbínú ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìwòsàn.

Ní ọdún 1843 ni a fi í jẹ àlùfáà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, kò sì pẹ́ níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ Afala fi gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Ìyá náà pẹ̀lú ti rí ìyà oko ẹrú ju ìgbà kan lọ. Nígbà tí wọ́n pàdé, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé sì ń ṣàn. Ní ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ọmọ tí ẹ̀rù omi bà nígbà kan rí ni ó tún wọ ọkọ̀ gba orí odò Ọya lọ ní ọdún 1841, 1854 àti 1857 láti wàásù ìhìnrere. Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó kó ìlú rẹ̀. Síbẹ̀ kò gbẹ̀san lára Mùsùlùmí kankan. Ìfarabalẹ̀ àti ọ̀wọ̀ ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Henry Leeke, tí ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon ní ọdún 1822, wà níbẹ̀ tí ó ń wò ó.

Ẹ má ṣe rò pé ìbànújẹ́ kò tún kàn án mọ́. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ìlú òyìnbó fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lé púpọ̀ nínú wọn kúrò, tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá arúgbó náà fi kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọgbẹ́ yìí dùn ún, ṣùgbọ́n kò kọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbàgbọ́ kò mú kí Àjàyí gbàgbé Òṣogùn. Ohun tí ó ṣe fún un ni pé ó jẹ́ kí ó lè rántí láìsí ìkórìíra, kí ó sì fi ìyà tí ó jẹ ẹ́ mọ ìyà ẹlòmíràn. Kì í ṣe òun nìkan ni ó wo ara rẹ̀ sàn: àwọn kan gbà á, àwọn kan kọ́ ọ ní ìwé, aya rẹ̀ sì dúró tì í. Nítorí náà, bí ìbànújẹ́ bá dé bá ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ó má ṣe gbé e mì. Kí ó sọ ọ́ fún Ọlọ́run nínú àdúrà, kí ó sì sọ ọ́ fún ẹni tí ó lè gbọ́. Àpá lè kù, ṣùgbọ́n àpá kì í ṣe egbò.