Jim Clark, Àgbẹ̀ tí ó Di Ọ̀gá Awakọ̀

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Bertrams, ní ìlà-oòrùn ìlú Johannesburg, lẹ́bàá pápá Ellis Park, mọ irú ojú ọjọ́ tí à ń wí: oòrùn gangan ní òwúrọ̀ oṣù kìíní ọdún, bí ọ̀sán bá pọ́n tán, òjò àti àrá a sì dé lójijì. Ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,700. Ní ìhà àríwá rẹ̀ ni pápá eré ọkọ̀ Kyalami wà, tí òun náà ga tó mítà 1,500. Ibẹ̀ ni Jim Clark ti borí kẹ́yìn nínú ìdíje àgbáyé.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1936 ni a bí i ní Kilmany, ilẹ̀ Skọ́tílándì. Ọmọ àgbẹ̀ ni, òun nìkan sì ni ọkùnrin láàrin ọmọ márùn-ún. Sísin àgùntàn ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó fi ọkọ̀ sáré rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn ẹni bá yàn, ó ṣòro láti fà á sẹ́yìn. Ní ọdún 1956 ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1960 ó wọ ẹgbẹ́ Lotus ti Colin Chapman.

Ní ọdún 1960 kan náà, awakọ̀ méjì kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ìdíje àgbáyé ní Spa, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lotus. Láti ìgbà náà ni Clark ti kórìíra ọ̀nà inú igbó yìí. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra ni ó borí níbẹ̀, láti 1962 títí dé 1965. Ti ọdún 1963 ni ó ya ènìyàn lẹ́nu jù, nítorí òjò ńlá rọ̀. Bí omi bá ti wọ àárín táyà àti ọ̀dà, táyà kò rí ilẹ̀ dì mú mọ́. Ẹni tí ó bá tẹ bíréèkì lójijì tàbí tí ó fi agbára yí ọwọ́ ọkọ̀, yíyọ̀ ni yóò yọ̀. Ọwọ́ Clark rọ̀ púpọ̀ lórí ọkọ̀. Ó fi ẹnìkejì sílẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún! Ọdún náà ni ó kọ́kọ́ di olúborí àgbáyé. Ó tún gbà á ní ọdún 1965.

Ìyọnu ti Kyalami yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́, ooru sì tún ń mú un fẹ́lẹ́ sí i. Ẹ́ńjìnnì kò rí afẹ́fẹ́ tí ó tó mí. Ó lè pàdánù tó ìdá 15 nínú 100 agbára rẹ̀, kò sì tètè tutù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1968, Clark borí níbẹ̀. Ìborí rẹ̀ pé 25, ó sì kọjá 24 ti Fangio ará Argentina.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún náà, ní Hockenheim ní Jámánì, òjò ti mú kí ojú ọ̀nà tutù. Ìdíje kékeré ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ya wọ inú igi, kò sì sí irin kankan tí yóò dá a dúró. Ọ̀pọ̀ gbà pé táyà ẹ̀yìn tí afẹ́fẹ́ ń jò lára rẹ̀ ni ó fà á. Ẹni ọdún 32 ni.

Chirnside ni a sin ín sí. Lára òkúta ibojì rẹ̀, àgbẹ̀ ni a kọ́kọ́ pè é, kí a tó pè é ní olúborí àgbáyé.