Joseph Chamberlain àti Ìrìn-àjò Rẹ̀ sí Gúúsù Áfríkà

A bí Joseph Chamberlain ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1836, ṣùgbọ́n Birmingham ni ó ti di ènìyàn. Síkúrù, ìṣó tí a ń lọ́ wọ inú igi, ni ó fi là kí ó tó di Méyọ̀ ìlú náà ní 1873. Kí àwọn oníṣòwò wa fi èyí sọ́kàn, nítorí bí oníṣòwò ti í wo ọjà rẹ̀ ni ó ṣe wo àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, nígbà tí ó di mínísítà wọn ní 1895. Ní ìgbà tirẹ̀ ni rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn.

Nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Boer parí ní May 1902, ó pinnu láti fi ojú ara rẹ̀ rí Gúúsù Áfríkà. Ohun tuntun gbáà ni èyí. Àwọn tí ó ti jẹ oyè náà ṣáájú rẹ̀ a máa jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, wọn a máa ka ìwé tí àwọn gómìnà kọ sí wọn.

Ètò náà kò kéré. Ó gba ìfọwọ́sí Ọba Edward àti ti àwọn mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀; a yọ̀ǹda ọkọ̀ ogun tuntun, Good Hope, fún un. Ọ̀nà Suez ni ó yàn, kí ó lè rí Íjíbítì àti rélùwéè Uganda. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kúrò ní Portsmouth ní 25 November, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Durban ní 26 December. A pín ọjọ́ rẹ̀ fún Natal, Transvaal, Orange River àti Cape, títí di ìparí February 1903.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí àyè bá a sọ̀rọ̀? Èyí ni ó ká wa lára jù. Àwọn Boer rí i. Àwọn olówó kùsà wúrà rí i ní Johannesburg, a sì fi ẹnu kò pé Transvaal yóò san 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn nínú gbèsè ogun, owó tí a kò san rí. Àwọn ará Íńdíà rí i ní Durban, Gandhi, lọ́yà wọn, sì wà pẹ̀lú wọn. Ó dá wọn lóhùn pé agbára òun kò tó nǹkan lórí Natal tí ń ṣàkóso ara rẹ̀. Nígbà tí ó dé Pretoria, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kí Gandhi wọlé tọ̀ ọ́ mọ́. Ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn onílẹ̀ gan-an, a ti sún ọ̀ràn wọn síwájú kí ọkọ̀ náà tó ṣí: ìwé àdéhùn àlàáfíà ti sọ pé ọ̀rọ̀ ìbò wọn ní Transvaal àti Orange River yóò dúró di ìgbà tí àwọn òyìnbó ibẹ̀ bá gba ìjọba ara wọn. Ìrìn-àjò náà kò yí i padà.

Chamberlain dé ilé ní March 1903, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní September lórí ọ̀ràn owó ibodè. Àrùn ẹ̀gbà kọlù ú ní 1906. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú bí idà kò lè sọ̀rọ̀ geere mọ́. Ó kú ní 2 July 1914.