Ìtàn Ìgbésí Ayé Sir Thomas Fowell Buxton, Ọ̀rẹ́ Àwọn Ẹrú

Nígbà tí a bá ń ka àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, orúkọ Townsend àti ti Crowther ni ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa ará Ọ̀dẹ́dá mọ ẹnìkan pẹ̀lú, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì la ọ̀nà fún wọn.

A bí Thomas Fowell Buxton ní ọjọ́ 1 oṣù April, ọdún 1786, ní Castle Hedingham, ní Essex, sínú ìdílé àwọn ọlọ́lá onílẹ̀. Baba rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe ọmọ ìjọ Quaker, ni ó tọ́ ọ. Ó kàwé ní Trinity College, Dublin, ó sì gbé Hannah Gurney níyàwó ní ọdún 1807. Ilé-iṣẹ́ ọtí bíà ti àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ni ó ti rí ọrọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1818 àwọn ará Weymouth yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, níbi tí ó ti gbèjà àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn tí a ń dá ẹjọ́ ikú fún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré.

Ní ọdún 1820, mẹ́rin nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìbànújẹ́ yìí kò dá a dúró. Òfin ọdún 1807 ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn tí a ti rà wà nínú ìdè síbẹ̀. Wilberforce ti ń darúgbó, ó sì fi ìjà náà lé Buxton lọ́wọ́. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi bá àwọn alágbára jà, títí a fi ṣe òfin ìdásílẹ̀ ní ọdún 1833. Àwọn olówó ẹrú gba ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀, ìsìnrú wọn kò sì tán pátápátá títí di ọdún 1838.

Ní ọdún 1837 a kò yàn án mọ́. Nígbà náà ni ó kọjú sí ilẹ̀ wa, níbi tí ogun ti tú àwọn Ẹ̀gbá ká, tí a sì ń ta àwọn ọmọ wọn létí òkun. Èrò rẹ̀ ni pé òfin nìkan kò lè pa òwò yìí: Ìhìnrere àti iṣẹ́ oko ní láti jọ rìn, kí ó má bàa sí ìdí láti ta ènìyàn. Nípa ìmọ̀ràn rẹ̀, ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí odò Ọya ní ọdún 1841. Nínú àwọn òyìnbó bí 145, ibà pa èyí tí kò dín ní 40. A pa oko tí wọ́n dá sí Lókọ́ja tì. Àwọn ìwé ìròyìn fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Ó kú ní Northrepps ní ọjọ́ 19 oṣù February, ọdún 1845.

Ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogùn kan wà nínú ọkọ̀ wọnnì, Samuel Ajayi Crowther, tí a ti tà lẹ́rú rí. Ìwà rẹ̀ nínú ìrìn-àjò náà ni ó mú kí Ẹgbẹ́ C.M.S. pè é lọ sí London, níbi tí a ti fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún 1846 ó wọ Abẹ́òkúta, ó sì tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí òwú oko Ẹ̀gbá fi ń lọ sí Manchester.

Buxton kò rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú nǹkan wọ̀nyí. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe jẹ́ kí a pe iṣẹ́ àwọn baba wa, tàbí ti ara wa, ní òfo kí àkókò èso rẹ̀ tó pé.