Dúró Ládipọ̀: olùkọ́ tó gbé ìlù wa wọ inú ọpẹ́rà

Ọ̀pọ̀ òbí láàárín wa ló ń sọ pé orin kíkọ kì í ṣe iṣẹ́. Nítorí wọn la ṣe mú ìtàn Dúró Ládipọ̀ wá lónìí.

Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá. Oníwàásù ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Dúró kọ́kọ́ ṣe. Ní ọdún 1961, ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù ìbílẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Lójú àwọn kan, ìlù abọ̀rìṣà kò yẹ nílé Ọlọ́run. Dúró kò ju ìlù nù. Ó gbé orin náà jáde, ó ń ṣe é nílé ẹ̀kọ́ àti lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, ará Jámánì, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, sọ ilé ọtí Dúró di Mbari Mbayo. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti ń kọ́ orin, ijó, ìlù àti eré. Muraina Oyelami ṣeré níbẹ̀, Jimoh Buraimoh sì ń tọ́jú iná orí ìtàgé. Àwọn méjèèjì padà di ayàwòrán tí òkìkí wọn kàn.

Dúró tọ àwọn onílù àti àwọn oníṣàngó lọ, ó kọ́ oríkì lẹ́nu wọn. Nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ọpẹ́rà Ọba Kò So ti jáde ní ọdún 1963. Òun fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún sì ni Ọya. Ní ọdún 1964, wọ́n gbé eré náà dé Berlin ní Jámánì. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, àwọn òyìnbó sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìlù tí wọ́n kọ̀ nílé ló gba iyì lókèèrè.

Dúró kú ní oṣù Kẹta ọdún 1978.

Ẹ̀yin òbí, Ṣàngó kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa, oríkì sì wà lẹ́nu àwọn àgbà wa. Bí ọmọ yín bá ní ohùn, ẹ jẹ́ kó lọ jókòó ti onílù àdúgbò. Àgbà tó mọ̀ ọ́n kò ní wà títí láé.