Alan Turing àti Nọ́ńbà Inú Ẹ̀rọ

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a gbé bí Alan Turing ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ọdún 1912. Ìmọ̀ ìṣirò ni ó kọ́ ní Yunifásítì Cambridge. Ní ọdún 1936 ó kọ ìwé tí ó fi hàn pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ṣe gbogbo ìṣirò tí a bá lè to ìlànà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà lára àwọn tí ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ní ọdún 1948 ó lọ sí Yunifásítì Manchester, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Òdo àti oókan nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Ogójì wọn ni ó sì ń para pọ̀ di nọ́ńbà kan nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá wọ́, ẹni tí ń wá àṣìṣe ní láti wo nọ́ńbà tí ó wà nínú àwọn àyè kéékèèké tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Ta ni yóò ka ogójì òdo àti oókan tí ojú rẹ̀ kò ní ṣe bàìbàì? Turing pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, ó sì fi àmì kan, irú èyí tí a fi ń tẹ wáyà, dúró fún ìdì kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni ogójì di mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa ṣe nígbà owó ẹyọ, ìbáà jẹ́ ní Erúnmu, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn: ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sínú okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n ìdì nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá rí àmì Turing kò lè mọ èyí tí ó tóbi yàtọ̀ sí èyí tí ó kéré, àfi bí ó bá há gbogbo wọn sórí. Ní àfikún, láti orí èyí tí ó kéré jù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà, bí ẹni pé a kọ 125 ní 521. Èyí ti mọ́ Turing lára. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1949, ó sọ̀rọ̀ ní Cambridge lórí bí a ṣe lè yẹ ìlànà ẹ̀rọ wò kí àṣìṣe má bàa wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó kọ nọ́ńbà sẹ́yìn sójú pátákó, ọ̀rọ̀ náà sì rú àwọn olùgbọ́ lójú.

Turing kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, ọdún 1954, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 41. Nígbà tí ó yá, ìdì mẹ́rin-mẹ́rin ni ó wá borí. Láti 0 dé 9, àti láti A dé F, ni a fi ń kọ ọ́: oókan mẹ́jọ, 1111 1111, di FF, tí í ṣe 255 lọ́nà tiwa. Lónìí, irin-iṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe a máa kọ orúkọ àyè kọ̀ọ̀kan, a kọ irú àmì bẹ́ẹ̀ sí iwájú rẹ̀, a sì tún lè kọ nọ́ńbà tiwa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ojú lè tètè rí ohun tí ó wọ́.

Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn. Ọgbọ́n Turing kò kéré. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí ó tọ̀nà, tí ẹlòmíràn kò lè kà, kò lè ran ẹni tí ń wá àṣìṣe lọ́wọ́.