Viktor Chukarin: Ẹlẹ́wọ̀n ogun tó di ọ̀gá àwọn atàkìtì lágbàáyé

Ní oṣù keje, ọdún 1952, ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan jáde síwájú èrò ní ìlú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, láti gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Bí àwọn èrò ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún un, agbára apá rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe lè tó ni wọ́n ń wò. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé ní ọdún méje péré ṣáájú ìgbà náà, ọkùnrin yìí kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 40 lọ, ó sì ku díẹ̀ kí ó kú. Viktor Ivanovich Chukarin ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1921 ni wọ́n bí i ní abúlé Krasnoarmeyskoye, ní agbègbè Donetsk, lórílẹ̀-èdè Ukraine, èyí tó di ara Soviet Union lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ọmọ Cossack ni bàbá rẹ̀, ọmọ Gíríìkì sì ni ìyá rẹ̀. Ìlú Mariupol, létí òkun Azov, ló ti dàgbà, níbẹ̀ náà ló sì ti kọ́kọ́ kọ́ eré jimnásíìkì.

Eré yìí kì í ṣe eré ọ̀lẹ. Ọ̀nà mẹ́fà ni àwọn ọkùnrin ń gbà ṣe é: wọn yóò tàkìtì lórí ilẹ̀, wọn yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara wọn yípo lórí ohun èlò tí wọ́n ń pè ní ẹṣin, wọn yóò rọ̀ mọ́ òrùka méjì tí wọ́n so kọ́ sókè, wọn yóò sáré fò, wọn yóò ṣeré lórí ọ̀pá méjì tó wà lọ́gbọọgba, wọn yóò sì tún fi ara wọn lu jangirọ́fà lórí ọ̀pá gíga. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá pátápátá. Ní ọdún 1940, nígbà tí Chukarin ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa eré ìdárayá ní Kiev, ó gba ipò kìíní ní gbogbo Ukraine.

Ìlérí ńlá ni ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ nígbà náà, àfi bí ogun ṣe dé. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun Hitler ya wọ ilẹ̀ Soviet. Chukarin wọṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọwọ́ ọ̀tá fi tẹ̀ ẹ́ nítòsí ìlú Poltava. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e kiri láti àgọ́ ẹ̀wọ̀n kan sí òmíràn, títí tí iye àgọ́ náà fi pé mẹ́tàdínlógún. Buchenwald, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú sí, wà lára wọn. Ebi, òtútù, àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni wọ́n fi ń bọ́ wọn níbẹ̀. Nígbà tí ogun ń parí lọ, wọ́n kó òun àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n mìíràn sínú ọkọ̀ ojú omi láti pa wọ́n run, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n là.

A gbọ́ pé nígbà tó délé, ìyá tó bí i kò dá a mọ̀. Àpá kan tó wà lórí rẹ̀ láti kékeré ni ìyá náà wò kó tó gbà pé ọmọ òun ni. Ìṣòro mìíràn sì tún ń dúró de irú wọn. Lójú ìjọba Stalin, ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá kò yàtọ̀ sí ọ̀dàlẹ̀, ìfura ni wọ́n sì fi ń gba ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé.

Chukarin kò jẹ́ kí èyí mú òun rẹ̀wẹ̀sì. Ó gba ìlú Lviv lọ, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá tó wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ tó ti gbẹ lọ́tun. Ní ìdíje Soviet ti ọdún 1946, ipò kejìlá ló wà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó di ẹni karùn-ún. Nígbà tó fi máa di ọdún 1949, òun ni ọ̀gá pátápátá, kò sì jẹ́ kí oyè náà bọ́ lọ́wọ́ òun ní ọdún 1950 àti 1951.

Ọdún 1952 ni Soviet kọ́kọ́ kópa nínú Òlíńpíìkì. Wúrà mẹ́rin àti fàdákà méjì ni Chukarin nìkan kó wálé láti Helsinki, kò sì sí ẹlòmíràn tó gba wúrà tó bẹ́ẹ̀ níbi ìdíje náà. Grant Shaginyan, ọmọ Soviet ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe ipò kejì sí i, náà ti fara gbọgbẹ́ lẹ́sẹ̀ lójú ogun yìí kan náà.

Ní ọdún 1954, ó di ọ̀gá àgbáyé ní Róòmù, níbi tí òun àti Valentin Muratov ti jọ pín ipò kìíní. Ṣùgbọ́n Melbourne, lórílẹ̀-èdè Australia, lọ́dún 1956, ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ó ti pé ẹni ọdún márùndínlógójì, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ atàkìtì ti fi eré sílẹ̀. Takashi Ono, ọmọ ilẹ̀ Japan, sì ń lé e bọ̀ kíkankíkan. Nígbà tí wọ́n ṣírò àmì tán, 114.25 ni ti Chukarin, 114.20 sì ni ti Ono. Pẹ̀lú ìyàtọ̀ bíńtín yìí ni bàbá arúgbó inú eré fi mú oyè rẹ̀ padà sílé. Wúrà mẹ́ta ló gbà níbẹ̀, pẹ̀lú fàdákà kan àti idẹ kan. Àròpọ̀ àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì rẹ̀ wá jẹ́ mọ́kànlá, méje nínú wọn sì jẹ́ wúrà.

Lẹ́yìn èyí, ó di olùkọ́ní ní Lviv, ó fi ohun tó mọ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1984, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Mariupol tó ti dàgbà kò bọ́ lọ́wọ́ ogun síbẹ̀, nítorí pé ní ọdún 2022, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Soviet dá sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi bọ́ǹbù ba èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà jẹ́.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ọdún mẹ́rin gbáko, nígbà tí agbára ọ̀dọ́ pọ̀ jù lára, ni ogun gbà lọ́wọ́ Chukarin, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà fún un. Ohun tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ni ẹ̀mí rẹ̀ àti kílò 40, ìyẹn náà ló sì fi bẹ̀rẹ̀.