Orlando Martins

Orlando Martins (ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899 – ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985) jẹ́ òṣèré orí ìtàgé àti ti sinimá, ọmọ bíbí ìlú Èkó ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbajúmọ̀ nínú fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn àwọn oníjó ballet ló dúró sí nígbà tó kọ́kọ́ gun orí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ibẹ̀ ló ti dé inú fíìmù, níbi tó ti ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ipa adáhunṣe, baálẹ̀ tàbí ìránṣẹ́ ni àwọn tó ń ṣe fíìmù nígbà náà sábà máa ń fún un. Ó ti di ẹni àádọ́rin ọdún kí ó tó kópa nínú fíìmù tí wọ́n gbé ka orí iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà.

Ìgbà èwe rẹ̀

Òpópónà Òkè-Súnà, ní Erékùṣù Èkó, ni wọ́n bí i sí. Emmanuel Alhandu Martins ni wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ìran Àgùdà, ìyẹn àwọn tí orírun wọn so mọ́ ilẹ̀ Bràsíl. Ọmọ Nàìjíríà ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1913, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Eko Boys' High School, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tí à ń pè ní Mauretania. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa da èédú sínú iná tó ń mú ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́. Nígbà tí ogun parí, ó fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Láti ẹ̀yìn oníjó dé orí ìtàgé

Ìgbà tí Martins dé Lọ́ńdọ̀nù kò rọgbọ fún aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1919, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Liverpool, Cardiff àti àwọn ìlú èbúté mìíràn, níbi tí àwọn òyìnbó ti kọlu àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú. Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, Martins sì ń ṣe èyí tó bá rí. Ó ṣe ọdẹ òru, ó jìjàkadì lábẹ́ orúkọ Black Butcher Johnson, ó sì fi ejò ṣeré fún àwọn òǹwòran nínú ẹgbẹ́ circus kan.

Ní nǹkan bí ọdún 1920, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ballets Russes, ẹgbẹ́ oníjó tí Sergei Diaghilev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, dá sílẹ̀. Martins kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn àgbà oníjó ẹgbẹ́ náà. Ó wà lára àwọn tí wọ́n máa ń dúró lẹ́yìn kí ìtàgé lè kún. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ òṣèré ti ṣí sílẹ̀ fún un. Nítorí pé ó ní ohùn jíjinlẹ̀, ó di akọrin, ó sì bá ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré olórin Show Boat rìn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1936, ó kópa nínú eré Toussaint Louverture, èyí tí C. L. R. James, ọmọ Trinidad, kọ nípa ìjà òmìnira àwọn ẹrú ilẹ̀ Haiti. Wọ́n ṣe eré náà ní Westminster Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù. Paul Robeson, gbajúgbajà akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe olórí ẹ̀dá-ìtàn. Martins ṣe Boukman, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ darí ọ̀tẹ̀ náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ nínú sinimá

Fíìmù àkọ́kọ́ tí Martins ti fara hàn ni If Youth But Knew (1926). Lẹ́yìn náà ni Sanders of the River (1935), tí Zoltan Korda darí, tí Robeson sì kópa nínú rẹ̀. Fíìmù náà gbé ìjọba amúnisìn lárugẹ, ó sì fi àwọn ọmọ Áfíríkà hàn bí ọmọdé tó nílò alágbàtọ́ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú bẹnu àtẹ́ lù ú, Robeson fúnra rẹ̀ sì kábàámọ̀ pé òun bá wọn ṣe é.

Nínú Men of Two Worlds (1946), Martins ṣe Magole, adáhunṣe tó ta ko Kisenga, ọmọ abúlé náà tó kàwé nílùú òyìnbó, nígbà tí ìjọba fẹ́ kí àwọn ará abúlé ṣí kúrò nítorí àìsàn oorun. Ìtàn náà dá adáhunṣe lẹ́bi pátápátá, ṣùgbọ́n ipa Magole wà lára èyí tí wọ́n fi dá Martins mọ̀ jù lọ.

Ní ọdún 1948, Moira Shearer, oníjó ballet ọmọ Skọ́tlándì, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú The Red Shoes, fíìmù nípa ẹgbẹ́ oníjó tí ọ̀gá rẹ̀ fara jọ Diaghilev. Òun ni olórí ẹ̀dá-ìtàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Martins, tó ti bá ẹgbẹ́ Diaghilev gan-an gun orí ìtàgé, kópa nínú The Hasty Heart (1949). Ilé ìwòsàn ológun kan ní Bọ́má ni ìtàn náà ti wáyé, níbi tí ọmọ-ogun Skọ́tlándì kan wà tí kò mọ̀ pé ikú òun ti sún mọ́lé. Richard Todd ló ṣe ọmọ-ogun náà. Ronald Reagan, tó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Martins ṣe Blossom, ọmọ-ogun Áfíríkà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ohùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á ní akọrin kò níṣẹ́ nínú fíìmù yìí. Ojú àti ìṣesí ló fi sọ tinú Blossom, ìyẹn sì wà lára àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n yìn jù.

Lẹ́yìn èyí, ó bá wọn ṣe Where No Vultures Fly (1951), tí wọ́n yà ní Kẹ́ńyà, Simba (1955), tó dá lórí ogun Mau Mau, àti The Nun's Story (1959), tí Audrey Hepburn ti kópa.

Ìpadàbọ̀ sí Èkó

Martins padà sí Èkó ní ọdún 1959, ọdún kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Kò tìtorí bẹ́ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀: ó wà nínú Sammy Going South (1963) àti Mister Moses (1965).

Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù gígùn tirẹ̀, Martins ti dàgbà. Ó kópa nínú Kongi's Harvest (1970), tí Ossie Davis darí, tí Francis Oladele sì ṣe olóòtú rẹ̀. Wọ́n gbé e ka orí eré-oníṣe Wole Soyinka, Soyinka fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Kongi. Ní ọdún 1971, Martins tún wà nínú Bullfrog in the Sun, tí wọ́n mú láti inú ìwé Chinua Achebe. Nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ló wà láàárín gbùngbùn, kì í ṣe ti ajẹ́lẹ̀ òyìnbó.

Ikú àti ìrántí rẹ̀

Ní ọdún 1983, Takiu Folami gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní Èkó. Martins di olóògbé ní Èkó ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ní ẹni ọdún 85.

Àṣàyàn àwọn fíìmù rẹ̀

- If Youth But Knew (1926)
- Sanders of the River (1935)
- Men of Two Worlds (1946)
- The Hasty Heart (1949)
- Where No Vultures Fly (1951)
- Simba (1955)
- The Nun's Story (1959)
- Sammy Going South (1963)
- Mister Moses (1965)
- Kongi's Harvest (1970)
- Bullfrog in the Sun (1971)